Ọkọ̀ Tí A So Mọ́ Òpó Ilé

Ọmọ tí ó ń kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fún mi ni ọ̀rọ̀ náà kàn jù. Èmi ń sọ, òun ń kọ. Mi ò kàwé. Ẹní ni mo mọ̀ ọ́n hun, ẹja ni mo mọ̀ ọ́n yan. Nígbà tí a fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó bi mí pé, “Ìyá àgbà, ṣé ‘èmi’ ni kí n máa kọ?” Mo ní rárá o, ‘ọmọ náà’ ni kí ó kọ, nítorí ọmọ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kéré púpọ̀, ó sì rin ọ̀nà jíjìn kí ó tó di ẹni tí ó di bírò mú níwájú mi yìí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun á gbìyànjú.

Nọ́ọ̀sì kan tí ẹ ó gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ níwájú ló ní kí n sọ ọ́. Ó ti pẹ́ tí ó ti ń mú mi lọ síbi tí àwọn ìyá bá péjọ sí kí n sọ ọ́ fún wọn. Àmọ́ ẹnu àgbà a máa rẹ̀, ìjókòó inú ọkọ̀ sì ti ń dun ìbàdí mi. Mo wá rò ó pé bí a bá kọ ọ́, ó lè dé Awoye, ó lè dé gbogbo ìletò Etikan, kí èmi jókòó sílé mi.

Ilé wa ní etíkun, pákó ni, orí òpó ni. Òkun ń jẹ ilẹ̀ lọ́dọ̀ wa, kò sì sinmi láti ìgbà tí mo ti jẹ́ ìyàwó ilé. Bí ó bá ti sún mọ́ ilé kan, onílé á tú pákó rẹ̀, á kó o sẹ́yìn, á tún un kọ́. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. A ó kó ẹrù sínú ọkọ̀, a ó tú òrùlé, a ó tú ògiri. Ilẹ̀kùn ni a máa ń tú kẹ́yìn. Ẹni tí ó bá tètè tú ilẹ̀kùn rẹ̀, àwa a máa sọ pé ó ti fi ilé rẹ̀ fún òkun kí òkun tó bèèrè.

Ọmọ mi ọkùnrin àti ìyàwó rẹ̀ ń kó kúrò ní ilé wọn lọ́jọ́ náà. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, obìnrin, kò tíì ju ẹni tí ó ń pààrọ̀ eyín iwájú lọ. Wọ́n ti gbé e sínú ọkọ̀, láàárín ìkòkò àti àpò ẹ̀wù. Bàbá rẹ̀ ti di àjẹ̀ mú. Ìyá rẹ̀ ní, “Ẹ dúró, ó ku ilẹ̀kùn.” Ó padà wọlé. Ìgbì kan wá tí kò jọ èyí tí ó ti ń wá látàárọ̀. Ó gbé ọkọ̀ jù sẹ́yìn sínú odò. Nígbà tí ọmọ mi fi máa yí imú ọkọ̀ padà, òpó ilé ti kán. A rí ìyàwó náà lẹ́yìn náà, a sì sin ín. Ohun tí mo mọ̀ nígbà náà nìyẹn. Ọmọ mi kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, èmi náà kò sì bi í léèrè.

Ọmọ náà di ti ọ̀dọ̀ mi. Nínú ilé, ó ń ṣe dáadáa bí ènìyàn bá wò ó láti òkèèrè: ó ń gbálẹ̀, ó ń kí ènìyàn. Àmọ́ bí pákó bá dún gbàmù níbì kan, yóò ti wà lábẹ́ tábìlì. Ó ń tọ̀ sórí ẹní. Ó ń fi ẹja yíyan pamọ́ sábẹ́ aṣọ rẹ̀ títí tí èèrà fi ń bo ibẹ̀. Inú a máa run ún láàárọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò jẹ ohun tí ó lè run inú. Èyí tí ó wá le jù ni pé kò wọ ọkọ̀ mọ́. Ẹni tí kò gbé ọ̀dọ̀ wa lè má mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ilé ìwé wà ní òdìkejì odò. Ilé ìwòsàn kékeré wà ní òdìkejì odò. Ọmọ Ìlàjẹ tí kò wọ ọkọ̀ dà bí ẹni tí a ti ilẹ̀kùn mọ́ sínú ilé.

Lọ́dọ̀ wa, bí omi bá dẹ́rù ba ọmọ, inú omi náà ni a máa ń mú un padà sí. A ó wé aṣọ mọ́ ọn nídìí, a ó rì í, a ó gbé e sókè, títí tí yóò fi rẹ́rìn-ín. Èmi náà, bí wọ́n ṣe ṣe é fún mi nìyẹn, mo sì lúwẹ̀ẹ́ títí mo fi darúgbó. Bàbá rẹ̀ gbé e lọ síbi tí omi dé ìbàdí. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n bí ó ṣe dì í mú. Ọyẹ́ ń fẹ́, mo rò pé òtútù ni. Ó rì í, ó gbé e sókè. Ọmọ náà kò ké. Kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn ń wò wá. Láti ọjọ́ náà, ó dákẹ́. Bí o bá rán an níṣẹ́, yóò lọ. Bí o bá bi í léèrè, yóò mi orí.

Bàbá rẹ̀ ní òun kò pẹja mọ́. Ó lọ sí Igbókòdá, ó ń gun ọ̀kadà. Ó ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, nínú ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ńlá tí ó ń kó èrò. Bí ó bá sọ̀ kalẹ̀ níbùdókọ̀, kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọkọ̀ kékeré gbé e wá sílé mi. Orí afárá pákó ni yóò gbà, yóò sì rìn yí ìlú ká, ibi tí afárá bá já ni yóò ti ki ẹsẹ̀ bọ ẹrẹ̀. Ìyá kan wà tí ilé rẹ̀ kọjú sí tèmi, ọ̀rẹ́ mi ni, a jọ ń hun ẹní, ẹnu rẹ̀ sì mú bí egungun ẹja. Ó kígbe sí i lọ́jọ́ kan pé, “Ọmọ Ìlàjẹ tí ń fẹsẹ̀ rìn! Ṣé wọ́n ti da ọ̀dà sórí odò ni?”

Ọmọ mi ní, “Mò ń na ẹsẹ̀ mi ni, Màmá.”

“Máa nà án. Bí o bá nà án tán, kí o ká a.”

Èmi náà bá a rẹ́rìn-ín.

Bí nǹkan ṣe wà nìyẹn nígbà tí àwọn elétò ìlera bẹ̀rẹ̀ sí í wá. A mọ̀ wọ́n mọ́ abẹ́rẹ́ ọmọ àti nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn. Lọ́tẹ̀ yìí, nọ́ọ̀sì kan ni ó ṣáájú wọn, ará òkè ni, ó wọ jákẹ́ẹ̀tì pupa tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì. Ó gúnlẹ̀, kò bọ́ ọ. Ó wọ abẹ́ àtíbàbà ṣọ́ọ̀ṣì tí a péjọ sí, kò bọ́ ọ. Àwọn ọmọdé ń fi ọwọ́ bo ẹnu.

Ọ̀rẹ́ mi ní, “Nọ́ọ̀sì, kí lẹ wá wò lónìí? Ibà ni àbí ikọ́?”

“Màmá, ìbẹ̀rù la wá wò. Ìbẹ̀rù tó wà lára àwọn ọmọ láti ìgbà tí òkun ti ń kó ilé.”

“Hẹ́ẹ̀! Ẹ ní abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́?”

“Bí mo bá ní in, Màmá, ara mi ni mo máa kọ́kọ́ gún, kí n tó tún wọ ọkọ̀ yín padà.”

Gbogbo àtíbàbà bú sẹ́rìn-ín. Láti ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ràn rẹ̀.

Ó ní ìbẹ̀rù kì í ṣe ọ̀tá. Òun ló ń jẹ́ kí ènìyàn sá fún ìgbì. Ṣùgbọ́n bí ó bá wọ ara ọmọdé, tí kò rí àgbà tí yóò fọwọ́ bà á títí ara rẹ̀ fi rọ̀, ìbẹ̀rù náà kò ní jáde. Ara ọmọ náà yóò máa sá lójoojúmọ́, bí ó tilẹ̀ jókòó. Oorun rẹ̀ á bàjẹ́, inú á máa run ún, ohun tí a bá kọ́ ọ níwèé kò ní dúró, ó sì lè di àìsàn sí i lára nígbà tí ó bá dàgbà. Ó ní kì í ṣe orí kunkun, kì í ṣe àjẹ́, kì í ṣe pé òkú ìyá ń pe ọmọ.

Mo ronú kan irà tí ó wà lẹ́yìn ìlú wa. Nígbà tí mo wà ní ọmọge, ibẹ̀ ni a ti ń gé koríko tí a fi ń hun ẹní, omi ibẹ̀ sì dùn ún mu. Lẹ́yìn náà ni omi òkun rí ọ̀nà wọ ibẹ̀. Àwọn igi kò wó. Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ewé kò rú mọ́. Ẹni tí ó ń kọjá lọ nínú ọkọ̀ á rò pé igi ṣì ni. Mo sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì, ó ní, “Bó ṣe rí gan-an nìyẹn, Màmá. Àmọ́ ọmọ ṣì lè rú ewé.”

Ó kọ́ wa ní ohun tí a ó máa ṣe. Kí a máa jẹun ní àsìkò kan náà, kí a máa sùn ní àsìkò kan náà, kí ọmọ lè mọ ohun tí ó kàn. Bí a bá fẹ́ jáde, kí a sọ fún un, kí a sọ ìgbà tí a ó dé, kí a sì dé nígbà náà. Kí a má na ọmọ nítorí ìtọ̀. Ó ní kí a kọ́ wọn láti fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹ̀kọ níbẹ̀: kí ọmọ ṣe bí ẹni pé abọ́ ẹ̀kọ wà lọ́wọ́ òun, kí ó fa èémí sínú, kí ó fẹ́ ẹ jáde díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi tutù. Àwa ìyá àgbà jókòó, a ń fẹ́ ẹ̀kọ tí kò sí. Ọ̀rẹ́ mi ní tòun ti tutù, kí wọ́n mú àkàrà wá.

Mo bi nọ́ọ̀sì léèrè ọ̀rọ̀ ọkọ̀. Mo sọ fún un pé a ti rì í sómi. Kò bá mi wí. Ó ní, “Màmá, mi ò mọ ọkọ̀, ẹ ti rí mi. Àmọ́ ohun tó bá ń ba ọmọ lẹ́rù, ẹ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ di òṣùwọ̀n rẹ̀ mú. Bó bá ní ó tó, ó tó. Ẹ kàn máa wà nítòsí.”

Láìpẹ́ sí ìgbà náà ni bàbá rẹ̀ wá, ó ní òun ti ronú. Bí ilé ìwé bá wọlé lẹ́yìn ìsinmi, tí ọmọ náà kò sì lè kọjá odò, òun yóò mú un lọ sí Igbókòdá, kí ó máa gbé lọ́dọ̀ ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun. Mo ní ọmọ náà kò mọ obìnrin yẹn rí. Ó ní yóò mọ̀ ọ́n. Mo ní nọ́ọ̀sì sọ pé ẹni tí ọmọ bá ti dì mú lẹ́yìn àjálù, a kì í já a kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, “Ìyá mi, nọ́ọ̀sì kọ́ ló bí i.” Ọmọ rẹ̀ ni. Ọmọ náà wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ọkọ̀ àtijọ́ kan wà tí mo gbé sórí ẹrẹ̀ lábẹ́ ilé. Inú rẹ̀ ni mo máa ń jókòó sí la koríko ẹní, nítorí ibẹ̀ tutù. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wá jókòó tì mí níbẹ̀. Orí ilẹ̀ ni ọkọ̀ náà wà, kò kà á sí ọkọ̀. Ní ọjọ́ kan, omi kún ju bí ó ti máa ń kún lọ, ó wọ abẹ́ ilé, ó sì gbé ìdí ọkọ̀ náà díẹ̀. Ó mì. Ọmọ náà di apá mi mú, ó fò jáde, ó sá gun àkàsọ̀ lọ. Mo ní ó parí.

Ó padà wá pẹ̀lú okùn. Okùn àwọ̀n tó ti gbó ni, ó jẹ́ àwọ̀ búlúù. Ó so orí rẹ̀ kan mọ́ òpó ilé, ó so èkejì mọ́ imú ọkọ̀, ó fi ọwọ́ fà á wò, ó tún fà á. Lẹ́yìn náà ni ó wọ inú ọkọ̀ wá jókòó tì mí. Ó ní, “Kò lè lọ.”

Ohùn rẹ̀ ti wúwo, bí ohùn ẹni tí ó jí lójú oorun. Mi ò pariwo. Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, ọma mi, kò lè lọ.” Mo ń la koríko mi lọ, ṣùgbọ́n mi ò rí ohun tí mò ń là.

Nígbà tí ó yá, ó ní kí n wá okùn sí i. Mo wá okùn. Aláwọ̀ ewé, dúdú, èyí tí ẹnìkan jù nù, gbogbo rẹ̀ ni ó ń so pọ̀. Bí okùn bá ti gùn sí i ni ọkọ̀ náà ń jáde kúrò lábẹ́ ilé bọ́ sórí omi, èmi nídìí ọkọ̀ pẹ̀lú àjẹ̀, òun níwájú, tí ọwọ́ rẹ̀ wà lórí okùn. Bí ó bá ní “ó tó”, a ó fa okùn, a ó padà sílé.

Ọ̀rẹ́ mi rí wa láti ojú fèrèsé rẹ̀. “Ìyá, ewúrẹ́ lẹ so yẹn ni àbí ọkọ̀?”

“Ewúrẹ́ ni. Bó bá bí, màá fún ọ lọ́mọ kan.”

Àwọn tí ó ń kọjá pẹ̀lú ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ń fi wá ṣẹ̀fẹ̀. Wọ́n ní ẹ wo àgbàlagbà tí ń wa ọkọ̀ tí a so mọ́ ìdí ilé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ. Nígbà tí nọ́ọ̀sì tún dé, ó ní kí ọmọ náà jọ̀wọ́, kí ó gbé òun náà dé ibi tí okùn dé. Ọmọ náà wo ọwọ́ nọ́ọ̀sì tí ó di etí ọkọ̀ mú gírígírí, ó ní, “Ẹ fẹ́ ẹ̀kọ yín.” Nọ́ọ̀sì fẹ́ ẹ. Ó ní lóòótọ́ ni ó gbóná.

Ọjọ́ ìwọlé ilé ìwé dé, bàbá rẹ̀ sì dé ní àárọ̀. Orí afárá ni ó gbà wá, ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀. Ọmọ náà ti wọ aṣọ ilé ìwé, ó ti jókòó síwájú ọkọ̀. Okùn wa nígbà náà, àárín odò ni ó dé. Ilé ìwé kò sí ní àárín odò.

Bàbá rẹ̀ ní, “Ìyá mi, mo ti bá wọn sọ ọ́ ní Igbókòdá. Ẹ di ẹrù rẹ̀.”

Mo ní, “Mo gbọ́. Àmọ́ wọ inú ọkọ̀ yìí ná, kí o bá a dé ibi tí okùn dé, kí o fi ojú ara rẹ rí i. Lẹ́yìn náà, mà á di ẹrù.”

“Ṣòkòtò mi mọ́.”

Ọ̀rẹ́ mi wà lójú fèrèsé. “Èwo ló mọ́ níbẹ̀? Ẹrẹ̀ tí o kó wá láti orí afárá ńkọ́?”

Ó gbé ẹsẹ̀ kan sínú ọkọ̀. Ọkọ̀ mì. Ó gbé e jáde. Mo wo ọwọ́ rẹ̀, ó ń gbọ̀n, bí ó ṣe gbọ̀n lọ́jọ́ tí ó ri ọmọ rẹ̀ sínú omi gẹ́lẹ́. Kò sí ọyẹ́ lọ́jọ́ yìí. Oòrùn mú, òógùn ń bọ́ lára wa. Mo jókòó sórí àkàsọ̀. Gbogbo ìrìn orí afárá yẹn padà sí mi lọ́kàn, àti gbogbo ẹ̀rín tí a fi í rín.

Ọmọ náà yíjú sí i. Ó ní, “Bàbá mi, a so ó. Kò lè lọ.”

Bàbá rẹ̀ ní, “Ó ti lọ rí.” Ó sọ ọ́ bí ẹni pé kì í ṣe ọmọ ni ó ń dá lóhùn. “Àjẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Mò ń wà á, kò yí. Mò ń wà á, kò yí.”

Kò sẹ́ni tí ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu rẹ̀ rí. Èmi tí mo bí i kò gbọ́ ọ rí. Ọ̀rẹ́ mi kúrò lójú fèrèsé.

Ọmọ náà ní, “Mo rí yín. Ẹ̀ ń wà á.”

Ohun tí ó sọ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ mi fi ọwọ́ bo ojú, ó sunkún lórí ẹrẹ̀ níbẹ̀, tòun ti ṣòkòtò tí ó ní ó mọ́. Ọmọ náà dúró dè é. Nígbà tí ó yá, ó ní kí ó fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná, bàbá rẹ̀ kò mọ ohun tí ó ń sọ, ó sì kọ́ ọ. Mo fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún wọn. Bàbá rẹ̀ wọ inú ọkọ̀, ó jókòó sí ìdí rẹ̀, wọ́n lọ títí okùn fi le. Wọ́n dúró níbẹ̀. Mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fa ara wọn padà wálé.

Wọn kò dé ilé ìwé lọ́jọ́ yẹn. Mo ti kó aṣọ rẹ̀ síta, nítorí mo ti ṣèlérí. Bàbá rẹ̀ wo ẹrù náà, ó ní, “Ẹ kó o wọlé, Ìyá mi. Mà á máa wá.” Òun nìkan ló wọ ọkọ̀ èrò padà sí Igbókòdá.

Ó sì ń wá. Mo sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún nọ́ọ̀sì, ó ní òun ti ń rò ó pé ìbẹ̀rù náà wà lára àwọn bàbá pẹ̀lú, ṣùgbọ́n wọn kì í wá sábẹ́ àtíbàbà. Mo ní bí ẹ bá pe ọkùnrin wa síbi ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rù, ẹ kò ní rí ẹyọ kan; ibi tí wọ́n ti ń tún àwọ̀n ṣe ni kí ẹ lọ bá wọn. Ó lọ jókòó tì wọ́n níbẹ̀, wọ́n fún un ní àwọ̀n mú, ó ń dì í mú lódìlódì, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀. Bí ojú ọkùnrin bá wà lára àwọ̀n, ẹnu rẹ̀ a máa là. Ọmọ mi wà lára wọn.

Okùn náà gùn títí ó fi dé òdìkejì. Àwọn ọlọ́kọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ráhùn pé ó ń kọ́ ẹ́ńjìnnì àwọn. Ní òwúrọ̀ kan, ọmọ náà tú u kúrò lára òpó ilé fúnra rẹ̀, ó ká a, ó sì gbé e sínú ọkọ̀ bí ẹrù. Ó ní yóò bá òun lọ sí ilé ìwé. Ó bá a lọ.

Nọ́ọ̀sì kò lè dá òkun dúró. Mo bi í léèrè nígbà kan pé báwo ni a ṣe ń sọ fún ọmọ pé kí ó má bẹ̀rù ohun tí ó ṣì ń bọ̀. Ó ní àwọn kò ní kí ọmọ má bẹ̀rù, pé kí ó má dá nìkan bẹ̀rù ni. Mo ń ro ọ̀rọ̀ yìí títí dòní. A ti tún kó ilé sẹ́yìn láti ìgbà náà. Bàbá rẹ̀ wá bá wa tú u. Kò sẹ́ni tí ó pàṣẹ fún un, ilẹ̀kùn ni ó kọ́kọ́ tú.

Ọ̀rẹ́ mi ti wá yá okùn náà fún ọmọ ọmọ tirẹ̀. Kò tíì dá a padà, mi ò sì bèèrè.

Ọmọ tí ó ń kọ ọ́ ti gbé bírò sílẹ̀ báyìí. Ó ní, “Ìyá àgbà, ṣé kí n parí rẹ̀ pé ọmọ náà kò bẹ̀rù mọ́?”

Mo ní, “Ṣé òótọ́ ni?”

Ó rò ó. Ó ní rárá. Ó ní bí ìgbì bá gbá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ọwọ́ òun ṣì máa ń wá okùn.

Mo ní kí ó kọ ìyẹn.